Hertz àti Becquerel: Ó Ha Yẹ kí a Túmọ̀ Orúkọ Òṣùwọ̀n Bí?

Ìbéèrè kan tí olùtúmọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì kò lè yẹ̀ sílẹ̀ ni ti òṣùwọ̀n tí a fi orúkọ ènìyàn pè. Ṣé kí a túmọ̀ rẹ̀ ni, tàbí kí a yá a lò? Ọ̀rọ̀ hertz lè là wá lóye.

Heinrich Hertz, ọmọ Jámánì tí a bí ní Hamburg ní 1857, ni ó fi ìdánwò hàn ní Karlsruhe, láàárín 1886 sí 1888, pé ìgbì tí iná mànàmáná àti agbára òòfà jùmọ̀ ń gbé jáde wà lóòótọ́. Ní 1960, Ìpàdé Gbogbogbòò ti àgbáyé lórí ìwọ̀n gba orúkọ rẹ̀ fún òṣùwọ̀n iye ìgbà tí ohun kan ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná mànàmáná ìjọba ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz.

Ó lè dàbí ẹni pé “ìgbà-láàárín-ìṣẹ́jú-àáyá” ti tó láti rọ́pò hertz. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní 1975, ìpàdé kan náà fi orúkọ Henri Becquerel, ará Faransé tí ó ṣàwárí ìtànṣán yuréníọ̀mù ní 1896, pe òṣùwọ̀n iye kókó átọ̀mù tí ń fọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá túmọ̀ èyí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò di fún méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná ń lọ ó ń bọ̀ létòlétò, nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí átọ̀mù kan yóò fọ́. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí ó bá ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lára ìgò kò ní mọ̀ pé ohun olóró ni ó wà nínú rẹ̀.

Bí Babátúndé bá dé Lọ́ńdọ̀nù, Babátúndé ni yóò máa jẹ́; a kì í fi ìtumọ̀ orúkọ pe ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí fún òṣùwọ̀n. Kí a kọ ọ́ ní ìlànà Yorùbá, hẹ́ẹ̀tìsì àti bẹkẹrẹ́lì, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré gẹ́gẹ́ bí òfin àgbáyé. Kí àmì Hz àti Bq má sì yí padà. Inú àlàyé olùkọ́ ni iṣẹ́ èdè Yorùbá wà, níbi tí a ti ń sọ ohun tí òṣùwọ̀n náà ń wọ̀n. Orúkọ ń tọ́ka sí nǹkan. Àlàyé ni ó ń tú u wò.