Bí Iná Ẹ́ńjìnì Bá Tàn Nítorí Ìyípo Tí Ó Rẹlẹ̀ Jù

Ọkàn ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa dàrú nígbà tí wọ́n bá rí iná aláwọ̀ ọsàn tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnì níwájú wọn. Àwọn kan a sáré lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun. Àwọn mìíràn a yọ bátìrì kí iná náà lè kú. Kò sí èyí tí ó wo àrùn náà nínú méjèèjì.

Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a ń tà níbẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tí ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì, tí ó sì ń fi kóòdù kan náà sọ àbùkù. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí a ń wà láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Nígbà tí awakọ̀ kò bá tẹná, ẹ́ńjìnì ní láti máa yí jẹ́jẹ́ láìkú. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sìlóò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ìyípo náà wà láàrin 600 àti 900 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá fi nǹkan bí 100 rẹlẹ̀ ju èyí tí ó yẹ, tí kọ̀ǹpútà kò sì lè gbé e sókè, yóò kọ kóòdù P0506 pamọ́, yóò sì tan iná.

Afẹ́fẹ́ ni kí a kọ́kọ́ rò. Ìlẹ̀kùn irin pẹlẹbẹ kan wà ní ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Bí a kò bá tẹná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá; ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ó ń gba etí rẹ̀, tàbí gba ihò kékeré tí fáàfù kan ń ṣí tí ó sì ń pa dé. Èéfín àti òróró tí ó ń padà láti inú ẹ́ńjìnì a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, a dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀nà a sì dí. Kọ̀ǹpútà ń pàṣẹ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n àyè kò sí.

Nítorí náà, kí a ka kóòdù kí a tó ná owó. Bí kóòdù mìíràn bá bá a rìn, tí ẹ́ńjìnì sì ń gbọ̀n, kí a yẹ púlọ́ọ̀gì àti epo wò pẹ̀lú. Kò yẹ kí a fún mẹkáníìkì ní owó fáàfù bí kò bá tíì tú ọ̀nà afẹ́fẹ́ wò. Oògùn tí a ń fín láti fi fọ ibẹ̀ wà lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ẹ̀yà tuntun. Kí ẹ́ńjìnì ti tutù kí a tó fọ̀ ọ́. Kí a má lo bẹntírò, nítorí iná. Bí ó bá jẹ́ iná mànàmáná ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn náà, kí a má fi ọwọ́ tì í. Lẹ́yìn fífọ̀, sìlóò lè yára jù fún ìgbà díẹ̀ títí kọ̀ǹpútà yóò fi tún un mọ̀; ti ọkọ̀ mìíràn, ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù ni a fi ń kọ́ ọ.

Yíyọ bátìrì a máa pa kóòdù tí mẹkáníìkì ìbá kà rẹ́, iná a sì tún padà tàn. Ewu ń bẹ nínú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí sìlóò rẹ̀ rẹlẹ̀ lè kú lójijì ní oríta tàbí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ó bá kú, ìtọ́kọ̀ a wúwo, bíréèkì a sì le lẹ́yìn ìtẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Kò tíì já o. Kí awakọ̀ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ sókè, títí ọkọ̀ yóò fi dúró.