Awọ́nríwọ́n àti odídẹrẹ́: èwo ni òfin ọjà àgbáyé fi ọwọ́ líle mú jù?

Kò ṣòro láti rí odídẹrẹ́ tí wọ́n ń tà lórí Facebook. Olùtajà á gbé fídíò ẹyẹ tó ń súfèé síta, á ní òun lè fi ránṣẹ́ síbikíbi. Bó bá jẹ́ awọ́nríwọ́n ni wọ́n gbé síta, ìbẹ̀rù ló máa kún abẹ́ fídíò náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá gbà pé ẹran abàmì ni òfin ń ṣọ́, pé ẹyẹ ilé lásán ni odídẹrẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àdéhùn CITES sọ

CITES ni àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́ tó ń kọjá ẹnubodè. Nàìjíríà àti Gánà wà nínú rẹ̀. Awọ́nríwọ́n odò wà ní Ìsọ̀rí Kejì: wọ́n lè tà á sókè òkun bí ìwé àṣẹ bá wà. Ibẹ̀ ni odídẹrẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dìbò ní Johannesburg lọ́dún 2016 láti gbé e lọ sí Ìsọ̀rí Kìn-ín-ní. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni mú odídẹrẹ́ inú igbó lọ ṣòwò nílẹ̀ òkèèrè.

Kí ló fà á?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ títóbi. Awọ́nríwọ́n odò lè gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Odídẹrẹ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33. Ẹyin ni kí ẹ wò. Awọ́nríwọ́n lè yé ẹyin tó 60 lẹ́ẹ̀kan sínú ọ̀gán, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ń jẹ akàn, ọ̀pọ̀lọ́, ẹja, òkú ẹran, àti adìyẹ yín pàápàá, nítorí náà ó lè gbé nítòsí ilé. Odídẹrẹ́ kì í sábà yé ju ẹyin mẹ́ta sí márùn-ún lọ, inú ihò igi ńlá ló sì ń yé e sí. Bí wọ́n bá gé igi náà, ìtẹ́ ti lọ nìyẹn. Àwọn apẹyẹ tún ń kó ọmọ àtìyá, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kú kí wọ́n tó dé ọjà.

Ní Gánà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé odídẹrẹ́ ti dín kù ní ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 1992. Níbi àwọn ibùsùn kan tí ẹyẹ 700 sí 1,200 ń sùn sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ẹyẹ 18 péré ni wọ́n rí. (Ẹni tó kàn nílò ìkóódẹ kò ní láti pa ẹyẹ: odídẹrẹ́ máa ń pa ìyẹ́ dà fúnra rẹ̀.)

Ṣé awọ́nríwọ́n wá léwu ni?

Sísá ló máa ń kọ́kọ́ sá. Bí ẹ bá há a mọ́ igun, á fi ìrù nà yín, ó sì lè gé yín jẹ. Èyí tó ń gbé ewúrẹ́ mì nínú fídíò kì í ṣe tiwa. Komodo ni, Indonéṣíà nìkan ló sì ń gbé nínú igbó.

Bí olùtajà odídẹrẹ́ bá ní òun ní ìwé, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ CITES. Ìwé ìlera tí dókítà ẹranko fọwọ́ sí kò lè dípò rẹ̀, wọ́n sì lè gba ẹyẹ náà lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.