Ògiri tó dá yẹ̀pẹ̀ dúró láàárín ilẹ̀ méjì: ta ló yẹ kó tún un kọ́ bó bá wó?

Ilẹ̀ Òpèbí n'Ìkẹjà kò tẹ́jú. Béèyàn bá ṣe ń kúrò lójú títì lọ sápá odò Ìyá Aláró ni ilẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Nítorí èyí, ilẹ̀ ẹnì kan lè ga ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, kó sì jẹ́ ògiri kan ṣoṣo ló dá yẹ̀pẹ̀ òkè dúró kó má baà ya lu ti ìsàlẹ̀. Bí ògiri bẹ́ẹ̀ bá wó lásìkò òjò, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ló máa ń kọ́kọ́ bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn á wá bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò tún un kọ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó wà lókè ló ni wàhálà náà nígbà gbogbo. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ògiri ń dáàbò bò ni kó sanwó. Ìdáhùn méjèèjì kò pé. Ohun tí òfin kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: ta ló yí ilẹ̀ náà padà kúrò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?

Gẹ́gẹ́ bí òfin tí ilé ẹjọ́ Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, olúkúlùkù onílẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ilẹ̀ tó yí i ká máa gbé ilẹ̀ tirẹ̀ ró. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè kúrò kó lè ráyè kọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí kó lè ráyè gbé mọ́tò sí, òun ló yẹ kó kọ́ ògiri tí yóò dá òkè náà dúró, òun náà ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni òkè ló rọ́ yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ tirẹ̀ kó lè tẹ́jú, ẹrù tirẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn méjèèjì bá jọ fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, kí wọ́n pín ìnáwó ló dáa jù.

Ẹjọ́ kan táwọn lọ́yà kì í gbàgbé ni ti Dalton àti Angus, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà dá lọ́dún 1881. Ní ìlú Newcastle, wọ́n wó ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jìn. Ni ilé iṣẹ́ náà bá wó. Ilé ẹjọ́ dá onílé iṣẹ́ láre, torí ó ti lé lógún ọdún tí ilé náà ti fara ti ilẹ̀ yẹn. Wọ́n tún ní ẹni tó gbé iṣẹ́ fún kọngílá kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru kọngílá. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún bíríkìlà.

Omi ló sì sábà máa ń wó irú ògiri yìí. Omi tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, tọ́ọ̀nù kan ló wọ̀n. Bí omi òjò bá rọ́ jọ sẹ́yìn ògiri, yóò máa tì í síwájú. Ìdí nìyẹn tí ògiri náà fi gbọ́dọ̀ ní ihò tí omi yóò máa gbà jáde, kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnjiníà sì ṣírò irin àti kọnkéré rẹ̀. Fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù lásán kò lè ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá darí omi òrùlé tàbí gọ́tà rẹ̀ sẹ́yìn ògiri aládùúgbò lè jẹ̀bi, bí kì í tilẹ̀ ṣe òun ló kọ́ ọ.

Kí oníṣòwò tó bá fẹ́ kọ́ ògiri tuntun wo ìwé súfèé rẹ̀ kí ìpìlẹ̀ má baà wọ ilẹ̀ onílẹ̀, kó sì gbàṣẹ lọ́dọ̀ àjọ LASPPPA. Kí onílẹ̀ méjèèjì fọwọ́ síwèé lórí ẹni tí yóò kọ́ ọ, ẹni tí yóò máa gbá ihò rẹ̀ àti ẹni tí yóò sanwó àtúnṣe. Bí ayálégbé bá rí i pé ògiri ti sán tàbí pé ó ti yọ ikùn síta, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bó bá ti di ewu, àjọ LASBCA ni kó fi tó létí.

Bí ìjà bá dé, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ máa ń bá èèyàn parí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá sì ń lọ sílé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀, torí ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún un láti ìgbà tí ìbàjẹ́ ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹjọ́ tó rọrùn tó ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ kí òjò tó dé.