Ìpọkànpọ̀ Alátọ́nà: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìwòsàn Ẹni tí kò Fọkàn Tán Ara Rẹ̀

1. Ìfáárà

Bí olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bá lo ọ̀rọ̀-ìperí tí kò péye lónìí, ó lè tún un ṣe lọ́la. Nínú iṣẹ́ ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí orúkọ ìtọ́jú bá ti dẹ́rù bà lè má padà wá mọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, èyíinì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò láti fi ṣàlàyé ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hypnosis, àti bí a ṣe ń fi ṣe ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìdásẹn, ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì pé. Síbẹ̀, bí ọ̀gá ilé-ìwé bá wọlé wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, ohùn rẹ̀ a wọlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, ẹ̀kọ́ tí ó ti múra rẹ̀ sílẹ̀ a sì pòórá lọ́kàn rẹ̀. Oníṣègùn kan sọ fún un pé òun lè fi hypnosis ràn án lọ́wọ́. Ó délé, ìyá rẹ̀ sì bi í pé, ‘Kí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe fún ọ?’ Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá yóò padà lọ. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi dáhùn sì wà lọ́wọ́ àwa tí a ń ṣe ọ̀rọ̀-ìperí.

2. Kí ni nǹkan náà gan-an?

Ní 1778 ni oníṣègùn kan, Franz Anton Mesmer, kúrò ní Vienna wá sí Paris. Ó ń sọ pé agbára kan bí ti òòfà ni òun fi ń wo àwọn aláìsàn sàn. Ní 1784, Ọba Louis Kẹrìndínlógún gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Benjamin Franklin àti Antoine Lavoisier wà lára wọn. Wọn kò rí agbára kankan tí ó ń ṣàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ohun tí aláìsàn fọkàn rò ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

James Braid, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ni ó sọ nǹkan náà di ohun ìmọ̀. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1843, ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ‘oorun’, ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi rí i pé orúkọ náà kò bá a mu, nítorí pé ẹni tí a ń ṣe é fún kì í sùn. Ní 1847 ó dábàá orúkọ mìíràn, monoideism, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọkàn dúró sórí èrò kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Orúkọ àkọ́kọ́ ti fọ́nká.

Ìmọ̀ òde òní ti fi hàn pé Braid kò ṣìnà nígbà tí ó yí ọkàn padà. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mànàmáná inú ọpọlọ kò fi àmì oorun hàn lára ẹni tí ó wà ní ipò yìí. Ó ń gbọ́rọ̀. Ó lè fèsì. Bí ó bá fẹ́ dìde kí ó máa lọ, yóò dìde. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí lílò rẹ̀ nínú ìṣègùn ní 1955, ti Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1958. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó ń ràn bákan náà: ó rọrùn fún àwọn díẹ̀, ó ṣòro fún àwọn díẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì wà láàárín.

3. Orúkọ wo ni kí a pè é?

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó ṣí sílẹ̀ fún wa.

(a) Oorun àtọwọ́dá. Èyí tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà tààrà, ó sì gbé àṣìṣe tí Braid kábàámọ̀ wọ inú èdè wa. Olùkọ́ wa yóò máa retí pé kí òun sùn. Bí kò bá sùn, yóò sọ pé òun tún ti kùnà.

(b) Ìmúniníyè. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, kò sì ṣòro láti lóye. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá mú níyè, oògùn ni wọ́n fi mú un. Ohun tí wọ́n bá ní kí ó ṣe ni yóò ṣe, ìbáà jẹ́ owó rẹ̀ ni wọ́n ní kí ó kó wá. Ìyá wo ni yóò gbà kí ọmọ òun lọ síbẹ̀?

(d) Yíyá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Èyí kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí kò yé yóò padà sí (b) láti wá ìtumọ̀ rẹ̀.

(e) Ìpọkànpọ̀ alátọ́nà. A ti ní ‘pa ọkàn pọ̀’ nílẹ̀ tipẹ́. Ọmọdé tí ó ń ta ayò ń pa ọkàn pọ̀. Ahunṣọ tí kò gbọ́ ìpè ń pa ọkàn pọ̀. ‘Alátọ́nà’ fi kún un pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó ń tọ́ni sọ́nà. Atọ́nà kì í bá arìnrìn-àjò rìn. Ẹsẹ̀ onítọ̀hún ni yóò fi rìn.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni a fara mọ́. Ohun tí Braid wá kiri ní 1847 tí kò rí i gbé kalẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ti wà lẹ́nu Yorùbá.

4. Àbá, àṣẹ àti ọfọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni olórí ohun èlò atọ́nà. Irú ọ̀rọ̀ wo ni? Kì í ṣe ọfọ̀, nítorí pé ọfọ̀ kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí a pè é lé lórí bóyá ó gbà. Kì í ṣe àṣẹ pẹ̀lú. Àbá ni. Ẹni tí a dá àbá fún ni ó ni í. Ó lè gbà á, ó sì lè kọ̀ ọ́. Àwọn àgbà sọ pé àbá ní í di òtítọ́, ojo ni kì í jẹ́ ká dá a.

Bí a bá fẹ́ fi ohun tí a mọ̀ ṣe àkàwé, oríkì ló sún mọ́ ọn jù. Nígbà tí ìyá bá ń ki ọmọ rẹ̀, orí ọmọ a wú. Kò sí ẹni tí ó mú un níyè. Ó gbọ́ ohun tí a pè é, ó sì gbà pé òun ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé oríkì orílẹ̀ ti wà kí ọmọ tó dé, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ tí olùwá-ìrànwọ́ fúnra rẹ̀ sọ ni atọ́nà ti ń fa àbá yọ.

5. Ẹni tí kò fọkàn tán ara rẹ̀

Ohun tí ó ń ṣe olùkọ́ wa náà ń fẹ́ orúkọ. ‘Ojo’ jẹ́ èébú. ‘Ìtìjú’ kò tó, nítorí pé ìwà ọmọlúàbí ni ìtìjú láàárín wa. ‘Ìrẹ̀lẹ̀’ sì ń yin ohun tí ó ń pa á lára. A dábàá àìfọkàntán-ara-ẹni: a máa ń fọkàn tán ọ̀rẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti dán an wò, bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn ṣe ń kọ́ láti fọkàn tán ara rẹ̀.

Síbẹ̀, kí atọ́nà kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà ń lò. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìlera kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ yìí. Kò wá orúkọ lọ jìnnà. Brain fag, ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ń ṣàròyé, ni ó lò. Bí olùkọ́ wa bá sọ pé ‘àyà mi ń já’, àyà ni kí àbá bá sọ̀rọ̀.

6. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Atọ́nà yóò kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, yóò sì ṣàlàyé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ títí yóò fi gbà tọkàntọkàn. Lẹ́yìn èyí ni yóò ní kí ó fara balẹ̀, kí ó máa kíyèsí èémí rẹ̀ tàbí kí ó tẹjú mọ́ ohun kan ṣoṣo. Bí ọkàn bá ti pa pọ̀, àbá yóò tẹ̀lé e. John Hartland, oníṣègùn ọpọlọ ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣàlàyé ní 1965 pé ó dára kí a fi àbá gbé ẹni náà ró kí a tó kọjú sí àmì àìsàn rẹ̀. A lè pe èyí ní àbá agbéniró.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ògbufọ̀ ti le jù. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọmọdé àti àgbà. Atọ́nà tí ó bá sọ ‘o’ fún ẹni tí ó jù ú lọ ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, ‘Ẹ kò ní bẹ̀rù mọ́’ tún ń rán etí létí ìbẹ̀rù. ‘Ọkàn yín ń balẹ̀’ ló sàn jù. Ẹ̀kẹta, ‘yóò’ sún ìwòsàn di ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ‘ń’ mú un wá sí ìsinsìnyí. Nítorí náà, àbá lè rí báyìí:

‘Bí ó bá wù yín, ẹ jẹ́ kí èémí rọra wọlé, kí ó rọra jáde. Ẹ ń gbọ́ ohùn ara yín bí ẹ ti ń kí kíláàsì. Ẹ mọ ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn. Díẹ̀díẹ̀, àyà yín ń rọ̀.’

Atọ́nà yóò wá kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ṣe é fúnra rẹ̀ nílé. Ìpọkànpọ̀ àdáṣe ni a pe èyí. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ dán an wò nínú ohun kékeré: kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níwájú olùkọ́ kan ṣoṣo, kí ó tó di ti ìpàdé àwọn òbí.

7. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Ìpọkànpọ̀ alátọ́nà kì í kọ́ni ní ohun tí a kò kọ́. Bí olùkọ́ kò bá mọ ìṣirò, àbá kò ní mọ̀ ọ́n fún un. Ìtọ́jú mìíràn ni a sábà máa ń lò ó mọ́. Kò yẹ fún ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bí kò ṣe lábẹ́ ojú ògbóǹtarìgì oníṣègùn ọpọlọ. A kò sì gbọ́dọ̀ fi wá ohun tí ènìyàn ti gbàgbé, nítorí pé ó lè mú kí ó rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti dábàá ìpọkànpọ̀ alátọ́nà, atọ́nà, olùwá-ìrànwọ́, àbá, àbá agbéniró, ìpọkànpọ̀ àdáṣe àti àìfọkàntán-ara-ẹni. Ìlànà kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀: ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ pé kò fọkàn tán ara rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ pe ìwòsàn rẹ̀ ní orúkọ tí ó sọ pé kí ó fi ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí a bá pè é ní ìmúniníyè tí ara rẹ̀ sì yá, atọ́nà ni yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni yóò sì máa sá padà sí. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá bi í ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, tí ó sì lè dáhùn pé, ‘Wọ́n fẹ́ kọ́ mi bí n óò ṣe máa pa ọkàn mi pọ̀ ni,’ ọ̀rọ̀ náà yé ìyá, ó yé ọmọ, ìwòsàn sì ti bẹ̀rẹ̀.