Kí ẹ tó ra jẹnẹrétọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù yín: Ibi tí àléébù àwọn aláàárín fara pamọ́ sí

Bí NEPA bá ti mú iná lọ ní Okota, kì í pẹ́ tí ariwo yóò fi gba gbogbo Ago Palace Way kan. (NEPA náà la ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2013 ni ìjọba ti ta àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún aládàáni.) Onígẹ̀rígẹ̀rí yóò fa tirẹ̀, télọ̀ yóò fa tirẹ̀, ìyá tó ń ta ẹja inú firísà yóò ránṣẹ́ pe ọmọ ṣọ́ọ̀bù kó tètè wá fa tiwọn.

Èyí tó kéré jù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí "I better pass my neighbour", kò lè gbé firísà. Àwọn ńlá tó ń lo dísù kò sì sí lápò oníṣòwò kékeré. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé aláàárín, láti orí 2 KVA dé 3.5 KVA, ni ọ̀pọ̀ yín ń rà. Àwọn ẹ̀rọ yìí jọra lójú bí ìbejì, àmọ́ inú wọn kò jọra, ibẹ̀ sì lowó ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí nọ́ńbà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà lára páálì. Èyí tí wọ́n pè ní "max" ni agbára tí ẹ̀rọ lè fi gbé ẹrù fún ìgbà díẹ̀. "Rated" ni èyí tó lè gbé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì máa ń kéré sí ti àkọ́kọ́. Èyí tó tóbi ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára ẹ̀rọ, òun náà sì ni ẹni tó ń tajà máa ń pè fún yín. "Rated" ni kí ẹ bèèrè. Firísà tó ń lo wáàtì 200 lè fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra. Ẹni tó bá ní méjì, tó sì jẹ́ kí wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rọ.

Àléébù tó ń dun èèyàn jù wà nínú wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀rọ, èyí tí àwọn rewáyà ń pè ní kọ́ìlì. Bàbà ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n bàbà wọ́n, nítorí náà alumíníọ̀mù ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn tiẹ̀ tún fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo alumíníọ̀mù náà lójú, tó jẹ́ pé àfi tí ẹ bá gé e lẹ máa tó rí funfun inú rẹ̀. Tí wáyà méjèèjì bá nípọn bákan náà, agbára tí alumíníọ̀mù ní láti gbé iná kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ti bàbà lọ. Bí ẹrù bá pọ̀ lórí rẹ̀, yóò gbóná, ohun tí wọ́n fi kun ara wáyà yóò yọ́, kọ́ìlì yóò sì jóná. Ẹni tó ń tajà kò ní í gbà kí ẹ fi abẹ ha wáyà rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó máa ní kí ẹ má gbé e wò. Bàbà wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí ẹ̀rọ méjì bá ní nọ́ńbà kan náà, tí ọ̀kan sì fúyẹ́ gan-an, ẹ bi í pé kí ló yọ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì Honda GX160 àti GX200, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà ṣe ní àwòṣe rẹ̀, kò ní páǹpù ọ́ìlì, wọn kò sì ní fílítà ọ́ìlì. Irin kékeré kan tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ló ń bu ọ́ìlì fọ́n káàkiri. Gbogbo ìdọ̀tí ibẹ̀ ń yí po nínú ọ́ìlì tí kò ju nǹkan bí lítà 0.6 lọ. Ìwé Honda ní kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20, lẹ́yìn náà ní wákàtí 100 síra wọn. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá péré nìyẹn! Mélòó nínú wa ló ń ṣe é?

Púpọ̀ nínú wọn ní ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú, ohun yìí lè má jẹ́ kí ẹ̀rọ tan rárá, ni mẹkáníìkì kan yóò bá já wáyà rẹ̀ sọnù. Ẹ má gbà fún un. Gbígbé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Okùn tí a fi ń fà á náà ní tirẹ̀. Ó wé mọ́ àgbá kékeré kan tí sípíríǹgì wà nínú rẹ̀. Tí àgbá náà bá jẹ́ ike tí kò nípọn, eyín rẹ̀ á tètè ká. Ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ kéré, ẹ má torí ìyẹn kọ ẹ̀rọ tó dáa.

AVR ni kí ẹ ṣọ́ dáadáa. Òun ló ń dá iná dúró sí nǹkan bíi 230. Bó bá bàjẹ́, iná lè lọ sókè kó jó firísà, tàbí kó lọ sílẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan kì í pààrọ̀ rẹ̀, ṣe ni wọ́n á mú kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i kí gílóòbù lè mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n eré rẹ̀ kò yẹ kó kúrò ní àyíká 3,000 ní ìṣẹ́jú kan.

Síbẹ̀, owó orí ẹ̀rọ kọ́ ni ìnáwó tó tóbi jù. Ká ní tiyín ń mu lítà kan ní wákàtí kan, tí ẹ ń lò ó fún wákàtí mẹ́jọ, ọjọ́ 26 lóṣù, lítà 208 nìyẹn. Nígbà tí epo wà ní nǹkan bíi N185 ṣáájú oṣù karùn-ún ọdún 2023, N38,480 ni. Nígbà tí ilé epo NNPC ní Èkó sọ ọ́ di N488 ní ìparí oṣù náà, ó di N101,504, epo sì tún gun òkè lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí náà, ẹ bèèrè iye lítà tí ẹ̀rọ ń mu kí ẹ tó ná an.

Níbi tí ẹ máa gbé e sí, èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kódà bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí Alaba, ẹ mú áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 dání. Ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí ẹ ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí hẹlẹ, tàbí tí ẹ bá gbọ́ òórùn bíi ti ọ̀dà tó ń jó, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tó ṣì wà nínú páálì lẹ rà, kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀ láti iléeṣẹ́ wá. Ẹ da ọ́ìlì sí i kí ẹnikẹ́ni tó fa okùn rẹ̀.