Ẹ̀yìn ń ro wọ́n n'Ìjọra, wọ́n sá tọ Tramadol lọ, àmọ́ oògùn náà ò fẹ́ẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ mọ́ o!

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé Tramadol mì lójoojúmọ́ ló tìtorí fàájì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. N'Ìjọra, níbi tí iṣẹ́ agbára pọ̀ sí, ìrora ló ti ẹlòmí-ìn débẹ̀. Àwọn tó ń já páálí ẹja yìnyín wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ tírélà tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù Àpápá ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn alábàárù náà ò gbẹ́yìn. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ̀yìn á máa ro wọ́n bíi kó já. Kò sówó ọsibítù, kò sáyè ìsinmi, torí ẹni tí ò bá ṣiṣẹ́ lónìí ò ní í rówó oúnjẹ lọ́la. Bí ẹnì kan bá wáá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé eléyìí mì, ẹ ò ní í mọ̀ pé ẹ ru nǹkan kan," ta ni ò ní í gbà á?

Ojúlówó oògùn ni Tramadol o. Iléeṣẹ́ Grünenthal ló gbé e jáde ní Jámánì lọ́dún 1977, àwọn dókítà sì ń fi wo ìrora títí dòní. Oníwọ̀n mílígíráàmù 50 àti 100 ni NAFDAC fọwọ́ sí nílẹ̀ yìí, àmọ́ 200, 225 àti 250 ni wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lò ju 400 lọ lóòjọ́. Ẹni tó bá gbé 225 méjì mì ti rékọjá ààlà nìyẹn. Tó bá pọ̀ jù, gìrì lè gbé e bí ẹni tó ní wárápá. Tó bá tún fi paraga tì í lẹ́yìn, èémí lè dá dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tÌjọra nìkan. Nínú ìwádìí tí àjọ UNODC àti NBS gbé jáde ní January 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà ló lo irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀, bíi Tramadol àti codeine, láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀. Ní May 2018, ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine nínú tàbí kó o wọ̀lú mọ́. Òfin dé lóòótọ́, àmọ́ ìrora ò bá a lọ.

Ibi tọ́rọ̀ ti wáá le ni ọjọ́ téèyàn bá ní òun ò lò ó mọ́. Kó tó tó ọjọ́ kan, imú á ti máa ṣomi, òógùn á bò ó, inú á máa run ún, ìgbẹ́ gbuuru á dé, oorun á sì sá lójú ẹ̀. Ìyàwó á ní ibà ni, ìyá á ní ayé ló ń ṣe ọmọ òun. Ẹ̀yìn yẹn á wáá máa ro ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lòun náà á bá ní, "Ẹ ò rí i? Mi ò lè ṣe kí n má lò ó!" Ohun tí ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ló ń ké, ara tí oògùn ti mọ́ lára náà ń béèrè tiẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló sábà máa ń le jù, tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹni tó bá sì ti fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, tó wáá padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ikú ló ń pè yẹn, torí ara ẹ̀ ò gbà á mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ní kéèyàn má já a sílẹ̀ lójijì fúnra ẹ̀. Wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fún un ní oògùn tí ò ní í jẹ́ kí ara ni ín jù. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ń tọ́jú wọn, àmọ́ torí pé "Yaba Left" làwọn èèyàn ń pe ibẹ̀, ojú ń tì wọ́n. Wọ́n rò pé wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni. Fáwọn tí tiwọn ti wọra gan-an, methadone àti buprenorphine wà lára oògùn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti kà sí kò-ṣeé-má-nìí látọdún 2005. Tanzania bẹ̀rẹ̀ sí í lo methadone lọ́dún 2011. Àwọn kan ní ṣe ni wọ́n ń fi oògùn rọ́pò oògùn. Àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà lójoojúmọ́, ta ló ń pe ìyẹn lọ́mọ ìta?

Kó má di pé wọ́n tọ́jú ọ̀kan, wọ́n wáá gbàgbé èkejì o. Tí wọ́n bá gba Tramadol lọ́wọ́ alábàárù, tí wọn ò wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n kàn gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ ni. Ọsibítù Igbóbì tí wọ́n ti ń tọ́jú eegun ò jìnnà, LUTH náà wà n'Ídìí-Àràbà. Wọ́n lè kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ẹrù àti eré ìdárayá tó máa fún ẹ̀yìn lókun, kí wọ́n fún un ní oògùn tí kì í di bárakú.

Ti àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, tún yàtọ̀. Ìrora tiwọn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi Panadol lásán lé lọ. Abẹ́rẹ́ pentazocine ti di bárakú fáwọn kan nínú wọn, débi pé tí ìrora gidi bá dé, àwọn nọ́ọ̀sì á ní abẹ́rẹ́ ló ń wá. Kò yẹ kí wọ́n torí ìyẹn fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ìrora. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ hydroxyurea, tó máa ń dín iye ìgbà tí ìrora ń kọlù wọ́n kù. Kí wọ́n bi dókítà wọn léèrè nípa ẹ̀. Iléeṣẹ́ Sickle Cell Foundation náà wà lọ́ọ̀ọ́kán LUTH.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ti di bárakú lè pe NDLEA lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 0800 1020 3040. Ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣépè fún un. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sọ́sibítù, kẹ́ ẹ sì sọ méjèèjì fún dókítà: ohun tó ń ro ó, àti ohun tó ń gbé mì.