Ọ̀dà tó gbẹ mọ́ ilẹ̀kùn onígi: ká rẹ ẹ́ ká tó bó o

Mo ti ṣèlérí pé fáwẹ́lì àránmúpè la máa bá lọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló gba ọ̀sẹ̀ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ ṣe sùúrù, àránmúpè ń bọ̀.

Ilẹ̀kùn pálọ̀ mi, ìrókò ni, igi tí àwọn òyìnbó náà ń fi orúkọ tí àwa ń pè é pè. Bàbá mi tó ṣe káfíńtà ló kàn án, abala méjì ni, òun náà ló sì fi aṣọ àti ọwọ́ ara rẹ̀ fi pọ́líìṣì ra á títí ó fi ń dán. Bàbá ti lọ tipẹ́. A fẹ́ ṣe ìnáwó, a pe pénítà, ó tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò rántí ilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, émọ́ṣọ̀n funfun ti ta sí i lára, ó wá rí tótòtó bí ìyẹ́ awó.

Ọmọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ má ronú rárá, tíńnà máa ṣí i kíá." Mo lọ sùn díẹ̀. Kí n tó jí, ó ti nu abala kan. Ọ̀dà kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n pọ́líìṣì bàbá mi bá a lọ, igi wá ṣí sílẹ̀ bátabàta. Mo kígbe kó tó fọwọ́ kan ìkejì. Abala kejì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

N ò bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Ó mọ ọ̀dà, kò mọ ohun tí ọ̀dà ń sùn lé lórí ni. Ìbéèrè méjì ló yẹ ká bi ara wa kí á tó gbé ohunkóhun: irú ọ̀dà wo nìyí, kí ló sì wà lábẹ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọ̀dà ná. Èdè wa lo "gbẹ" fún gbogbo ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà ń gbẹ kò dọ́gba. (Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀dà" fúnra rẹ̀ ò lójútì: òun là ń kùn sára ògiri, òun náà là ń dà sí títì ọlọ́dà.) Émọ́ṣọ̀n, omi ló ń kúrò lára rẹ̀ bí omi ṣe ń kúrò lára aṣọ orí okùn, àwọn horo tíńtìntín inú rẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á di awọ kan ṣoṣo. Omi ò lè yọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè wọ̀ ọ́ kó sì mú un rọ̀. Gílọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, tíńnà inú rẹ̀ á kọ́kọ́ fò lọ, lẹ́yìn náà ni òróró inú rẹ̀ á máa bá afẹ́fẹ́ dàpọ̀ títí á fi dì. Mo rò pé "dì" ló yẹ ká máa lò fún un, bí ẹ̀kọ ṣe ń dì. Ohun tó ti dì báyìí, kẹrosíìnì ò ràn án. Ojú ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta síbẹ̀ nìkan ni kẹrosíìnì ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ ò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípírìtì, irú èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, ra ẹ̀kán kan lára ohun tí kò níye lórí. Bó bá rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ òwú náà, émọ́ṣọ̀n ni. Bí kò bá ṣe bí ẹni gbọ́, gílọ́ọ̀sì ni.

Ti abẹ́ ọ̀dà ló ṣòro. Pọ́líìṣì àwọn káfíńtà àtijọ́, ṣẹ́láàkì ni. Ara kòkòrò kékeré kan ní ilẹ̀ Íńdíà àti Táíláńdì ló ti ń wá, sípírìtì ni wọ́n sì fi ń po ó. Ohun tí wọ́n fi po ó ló ń tú u, kódà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Àwọn tó ń ṣe àga lóde òní ń lo síílà àti láákà, tíńnà ló ń tú ìyẹn. Fáníṣì tó dì dáadáa le ju méjèèjì lọ. Nítorí náà, ẹ wá ibi tí àlejò kì í wò, bí ẹ̀yìn ìdè ilẹ̀kùn, kí ẹ kán sípírìtì ẹyọ kan síbẹ̀. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ṣẹ́láàkì ni, ẹ gbé sípírìtì àti tíńnà jìnnà síbẹ̀.

Wàyí o, iṣẹ́. Àwọn tó ń se mọ́ínmọ́ín mọ̀ ọ́n ju wa lọ: a máa ń rẹ ẹ̀wà ká tó bó o, a kì í fá a. "Fá" ni ti orí àti ìkòkò. Ẹni tó bá fá ọ̀dà kúrò lára igi á fá igi mọ́ ọn. Mo gé aṣọ funfun wẹ́wẹ́, mo tì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo fi ọṣẹ díẹ̀ sí, mo fún un gbẹ, mo sì lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ orí ẹ̀kán ọ̀dà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ṣẹ́láàkì, omi máa ń sọ ọ́ di funfun bí èéfín. Lórí fáníṣì, ẹ lè jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni mo fi etí káàdì báńkì tó ti kú tì í láti ẹ̀gbẹ́, ní ìhà tí ìlà igi ń lọ. Àwọn ẹ̀kán tó ní ikùn ṣí fùú. Àwọn tó kàn ta bí ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ ló yọ mí lẹ́nu, èékánná àtàǹpàkò ni mo fi bó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ gílọ́ọ̀sì ló wà lórí fáníṣì, ẹ fi abẹ tó mú, tí ẹ na sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ sùn, gé ikùn rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fi sáńdípépà tó kúnná jù lọ àti omi díẹ̀ ra ìyókù. Igi tí kò ní nǹkan kan lára ńkọ́? Ọ̀dà ti wọnú ojú rẹ̀ nìyẹn, pàápàá ìrókò tí ojú rẹ̀ là; sáńdípépà ni, kò sí ọgbọ́n mìíràn.

Ohun kan wà tí n ò ní ṣàwàdà sí. Ilé àtijọ́ lè ní òjé nínú ọ̀dà rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má gbẹ́ ẹ ní gbígbẹ kí eruku rẹ̀ fò. Ẹ fi omi sí i, ẹ kó àwọn ọmọ síta, ẹ nu ilẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá sì ń lo sípírìtì tàbí tíńnà, ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má mú lọ kí ẹni kan má sì tan àbẹ́là síbẹ̀.

Mo fi ìda àga díẹ̀ ra abala kejì, ó sì ń dán. Nínú ihò kan lára iṣẹ́ ọnà bàbá mi, ẹ̀kán méjì ṣì wà tí ọwọ́ mi ò dé, mo fi wọ́n sílẹ̀. Abala kìíní ṣì ṣí sílẹ̀. Mo ti rí ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ra ṣẹ́láàkì, àgbà bíi tèmi ni, ó ní òun á wá lọ́jọ́ Sátidé.